Púpurú Tí Ìyé Fi Ṣe Àlejò

Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyé, kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ilé-ìwé wa gbá bọ́ọ̀lù nílé tí kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ fi èyí ṣáájú, nítorí àwọn àbúrò mi ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di nǹkan mìíràn. Wọ́n á ní Ìyé ni obìnrin àkọ́kọ́ tó mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Títí ó fi kú, kò yé e ìdí tí wọn kì í fi í fọwọ́ gbé e kí wọ́n sì máa sáré lọ. Èmi ló bá lọ sí pápá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé nígbà náà, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa. Bàbá mi ti bá iṣẹ́ igi gẹdú lọ sí Sápẹ́lẹ̀, ó sì ti mú ìyá mi dání. Ìyé ló ń bọ́ mi, òun ló ń nà mí, òun ló sì ń gbàdúrà lé mi lórí láràárọ̀ pẹ̀lú omi tútù tó máa ń dà sí mi lọ́rùn kí oorun tó dá lójú mi. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, kò sì fi ṣeré rárá. Òun ló ń lu agogo tó ń pe àwọn ènìyàn sí àdúrà, kò sì sí ẹni tó lè gba agogo náà lọ́wọ́ rẹ̀, àní nígbà tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀.

Púpurú ni iṣẹ́ rẹ̀. Á rẹ gbágùúdá sínú omi títí yóò fi rọ̀, á fún omi rẹ̀ kúrò, á mọ ọ́n rìbìtì-rìbìtì, á wá tò ó sórí àjà lókè iná títí èéfín yóò fi gbẹ ẹ́. Tó bá gbẹ tán, á ha ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ dànù, á gún un, á sì jọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun tí a ń rò bí àmàlà. Èéfín yẹn kì í kúrò lára aṣọ wa. Tíṣà mi máa ń sọ pé òun ti mọ̀ pé mo ń bọ̀ kí n tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n púpurú Ìyé lókìkí. Àwọn èèyàn ń ti Ìrẹ̀lẹ̀ wá rà á, wọ́n á ní kò ní yanrìn, kì í kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dà nínú ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti pé kì í tètè dà nínú ẹni yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n mú mi sínú àwọn tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, Ìyé ti gbọ́ ọ lọ́nà odò kí n tó délé. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá a.

Ó ní, “Ọkọ mi, ghan ní wo ti di agbábọ́ọ̀lù. Kí ni ghan á máa fún ọ?”

Mo ní, “Wọn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan, Ìyé.”

“Wọn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan? Àní oúnjẹ?”

“Ọsàn ni, tí eré bá dé ìdajì.”

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kò burú, ọmọ tí ghan kò bá fún ní nǹkan kan nílé-ìwé, ulí ló ti gbọ́dọ̀ yó. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ alẹ́ mi ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni àdí tó fi ń ra mí lẹ́sẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ajá abúlé fi mí sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń lọ sí pápá.

Ohun tó kọ́kọ́ mú wàhálà wá ni ìkíni. Ìyé kò lè rí ẹni tó ń ṣe nǹkan kó má kí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ohun téèyàn ń ṣe láàárín wa tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Ti bọ́ọ̀lù nìkan ló kù, Ìyé sì bá wa ṣe é. Á gbé àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí rẹfirí fún fèrè fífọn. Ó kí àwọn tó ń sáré fún eré sísá. Ọmọ tó bá ṣubú, ìbáà jẹ́ tiwa tàbí ti àwọn tí a ń bá gbá, á dìde dúró, á ní, “Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́, Olúwa má jẹ́ kó dùn ọ́.” Ní ọjọ́ kan, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù tiwa, níbi tí gólì wa, ọmọ tó ń ṣọ́ ilé náà, dúró sí. Gólì wa jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Nígbà tí Ìyé ní, “O kú ìdúró o, ọma mi,” ọmọ náà yíjú padà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí ni bọ́ọ̀lù gbà kọjá lórí rẹ̀ wọlé.

Tíṣà wa fi ọ̀wọ̀ bẹ Ìyé pé kó máa jókòó lọ́hùn-ún lábẹ́ igi mángòrò. Ìyé ní kí ló dé, ṣé wọ́n fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa dúró sínú oòrùn láìsí ẹni tí yóò kí i ni?

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ní ọdún tí mo wà ní ìwé kẹfà, àwọn ilé-ìwé agbègbè wa ń du ife kan, ó sì kan àwa àti ilé-ìwé kan lápá Ìrẹ̀lẹ̀. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ọmọ ibẹ̀ ni ìyàwó mi, kò sì sí ohun tí mo kọ tí kì í kà. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ wá gbá a. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ gbá àṣekágbá ní Òkìtìpupa, lójú gbogbo ayé.

Ìyé bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí eré náà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò fi ẹnu kan nǹkan kan, ìbáà ṣe omi. Ní ìdájí, òun àti àwọn obìnrin ìjọ yí pápá ká pẹ̀lú orin àti agogo, wọ́n wọ́n omi sí ẹsẹ̀ ọparun tí a fi ṣe ilé bọ́ọ̀lù. Ilé tiwa nìkan kọ́ ni wọ́n wọ́n ọn sí o. Méjèèjì ni wọ́n wọ́n ọn sí, nítorí pé kò yé wọn èwo ni tiwa, àti pé lójú Ìyé, kò dára kéèyàn bù kún ibì kan kó fi ibì kejì sílẹ̀.

Àwọn àlejò wa pẹ́ kí wọ́n tó dé. Lọ́rì tó ń gbé wọn bọ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ilé Ìyé ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ní ẹnu ọ̀nà abúlé wa. Ó jáde, ó rí àwọn ọmọ tí ẹrẹ̀ ti bò dé orúnkún, tí ètè wọn ti gbẹ, àti tíṣà wọn tó di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Ó béèrè pé, “Ẹ ti jẹun?”

Wọ́n ní àwọn kò tíì jẹun.

Ìyé mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó mọ̀ pé àwọn gan-an ni òun ń gbààwẹ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbé ìkòkò kaná. Púpurú tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà ló rò fún wọn, ó sì fi ọbẹ̀ marúgbó sí i, ọbẹ̀ dúdú wa tó kún fún ẹja gbígbẹ tó rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìjọ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ odò wá. Àwọn ọmọ náà jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ láìgbójú sókè. Bí òkèlè bá ti ń tán nínú abọ́ ni Ìyé ń bu òmíràn sí i. Tíṣà wọn jẹ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ṣí bẹ́líìtì rẹ̀ sí ihò mìíràn níṣojú gbogbo wa.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́, ní, “Màmá, ẹ wá bá wa jẹ.”

Ìyé ní, “Ẹ máa jẹ, ọma mi. Ààwẹ̀ ni mo ń gbà.”

“Ààwẹ̀ kí ni, Màmá?”

“Ààwẹ̀ pé kí ọma mi nà yín lónìí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni. Ìyé náà rẹ́rìn-ín, ó sì bu ẹja kún abọ́ ọmọ tó béèrè.

Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà kì í ṣe ohun téèyàn lè ròyìn tán. Àwọn ọmọ tí a ti gbọ́ pé wọ́n ń sáré bí ẹtu kò lè gbẹ́sẹ̀. Ọ̀gá wọn tó ń gbá iwájú, ọmọ gíga kan tí àwa ń bẹ̀rù, fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn méjì jókòó sílẹ̀ láàárín pápá bí ẹni tó ń sinmi lóko. Èmi nìkan gbá mẹ́ta wọlé, ìkẹta sì ni pé mo rìn wọlé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù náà ni, gólì wọn kàn ń wò mí, ó ń bì díẹ̀díẹ̀. A fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọn kò gbá ẹyọ kan wọlé. Wọ́n gbé mi sórí èjìká yí abúlé ká, Ìyé sì já ààwẹ̀ rẹ̀ lójú pápá pẹ̀lú ọsàn.

Àárín ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó burú dé bá wa. Ní ìlú àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ní ìyá arúgbó kan ló fi oògùn sínú oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni rí i kó tọ́ ọ wò? Ìbéèrè náà le. Ní gbogbo ilẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé oúnjẹ síwájú àlejò, òun ni yóò kọ́kọ́ gé e, tí yóò fi sẹ́nu lójú rẹ̀, kí ọkàn àlejò tó balẹ̀. Ìyé kò gé e. Ààwẹ̀ kò jẹ́. Ó tún fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé nítorí kí wọ́n lè pàdánù ni òun kò ṣe jẹun. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín. Nígbà tí wọ́n délé pẹ̀lú inú rírun, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Ẹ wò ó, kò sí ohun tó burú tó kí wọ́n pe arúgbó Aládùúrà ní olóògùn. Obìnrin tí kò gbà kí wọ́n fi ewé kankan wẹ̀ mí nígbà tí mo ní èéyi! Ìjọ wa ní ẹ̀ka ní ìlú náà, àwọn yẹn sì ránṣẹ́ sí olùṣọ́ ìjọ wa. Olùṣọ́ jẹ́ káfíńtà, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Níkẹyìn ó ní kí Ìyé ṣì gbé agogo sílẹ̀, kó sì bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ìyé bọ́ sínú ilé, ó gbé agogo náà jáde, ó nù ún, ó sì gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ó wọ ìró àti bùbá lásán, ó jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló lu agogo, kò sì mọ̀ ọ́n lù. Gbogbo ara Ìyé ló ń tẹ̀ lé agogo náà bíi pé kó lọ gbà á. N kò tíì rí nǹkan tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jà, àwọn èèyàn ń kí i, wọ́n ń kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ó gbé púpurú lọ, ó sì gbé e padà wá. Àwa méjèèjì jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé méjèèjì wá fẹnu kò pé kí a tún bọ́ọ̀lù náà gbá, ní ìlú tiwọn lọ́tẹ̀ yìí. Tíṣà wa pè mí sí abẹ́ igi.

Ó ní, “Ṣé o mọ ohun tó wà nílẹ̀? Tí a bá nà wọ́n lórí pápá wọn, tí wọn kò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá rẹ àgbà, gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹsẹ̀ wa ló nà wọ́n nígbà àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá nà wá, oúnjẹ ni wọ́n á sọ pé ó jẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ló kù sí.”

Mo gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà, mo ń sáré lọ sódò, mo ń sáré bọ̀, mo ń lé ewúrẹ́ eléwúrẹ́ kiri títí àwọn aládùúgbò fi wá fẹjọ́ mi sùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a wọ lọ́rì. Ìyé ní òun ń lọ. Tíṣà wa bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró sílé, ó ní, “Màmá, àwọn èèyàn yẹn ń bínú.” Ìyé ní tí òun bá dúró sílé, ghan á ní ojú ló ń ti òun. Ó wọ lọ́rì láìgbé nǹkan kan lọ́wọ́, kò gbé ẹ̀pà, kò gbé omi, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta gbangba bí a ṣe ń wọ ìlú náà, kí wọ́n lè rí i pé òfìfo ni.

Ohun tí a bá níbẹ̀ kò sí ẹni tó rò ó nínú wa. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Lórí ẹní náà ni púpurú wà, abọ́ lórí abọ́, èéfín ń jáde lára rẹ̀, àti ọbẹ̀ marúgbó pẹ̀lú ẹja tí orí rẹ̀ tóbi ju ìkúùkù mi lọ. Ìyá arúgbó kan jókòó tì í, ó ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gá wọn tó ń gbá iwájú. Ìyá arúgbó yìí ló ti ń pariwo oògùn láti ọjọ́ yìí.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Kò sí àlejò tí yóò wá sí ìlú wa kó padà pẹ̀lú ebi. Ẹ wá wo bí ghan ṣe ń gbé oúnjẹ fún èèyàn.” Ló bá gé òkèlè, ó fi gba ọbẹ̀, ó gbé e mì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Ìyé.

Ìjà ni o. Oúnjẹ ló fi ń jà.

Tíṣà wa dà bí ẹni tí àgbàrá gbé àpò rẹ̀ lọ. Ó sún mọ́ Ìyé, ó rọra ní, “Màmá, tí àwọn ọmọ wa bá jẹ èyí, a ti kú. Tí a bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní àwa náà gbà pé oògùn wà nínú oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn fi ẹnu bà á.”

Ìyé sún mọ́ ẹní náà. Ó dúró, ó ń wo abọ́, ó ń wo àwa ọmọ, ó tún ń wo abọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín tí n kò tíì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba agogo.

Ó ké sí gbogbo èèyàn pé, “Ẹ gbọ́ o! Ghan ní oògùn ni mo fi sínú púpurú. Ó dára. Púpurú nìyí, ti ìlú yín ni, ọghọ́ mi kò kàn án. Àwọn ọma mi á jẹ ẹ́ yó. Tí ghan bá jẹ ẹ́ tán, tí ghan ṣì ń sáré bí ẹtu, olóògùn ni mí. Tí ghan kò bá lè gbẹ́sẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ṣe tiyín.”

Ìyá arúgbó yẹn ya ẹnu. Kò rò ó débẹ̀.

Bí a ṣe jókòó nìyẹn. Ìyé jókòó sáàárín wa, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò fojú fo abọ́ kankan. Ẹni tó bá ní òun ti yó, á ní, “Yó kí ni? Bù sí i fún un!” Gólì wa gbìyànjú láti fi òkèlè pamọ́ sẹ́yìn, Ìyé rí i. Èmi, ó fún mi ní orí ẹja. Mo ń jẹun, mo ń sunkún nínú, nítorí ohun tí mo ti ń sáré lé láti ọjọ́ yìí ti yí padà: bí a bá borí, mo ti ba orúkọ Ìyé jẹ́, bí a bá pàdánù, mo ti tún un ṣe. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi èwo ni mo fẹ́. Mo fẹ́ borí. Mo fẹ́ lọ sí Òkìtìpupa. Mo sì fẹ́ kí Ìyé gba agogo rẹ̀ padà.

Rẹfirí fọn fèrè. Mo sáré, mo sì gbọ́ púpurú tó yí nínú mi. Ẹni tí kò bá tíì gbé púpurú sáré rí kò lè mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ọmọ ìlú náà kò jẹ nǹkan kan, ara wọn fúyẹ́, wọ́n ń fò kọjá lára wa. Kò pẹ́ tí ọmọ gíga yẹn fi gbá ọ̀kan wọlé.

Ariwo sọ. Láàárín ariwo náà ni mo ti gbọ́ ohùn tí mo mọ̀. Ìyé ni. Ó ti dìde lórí àpótí tí wọ́n fún un, ó ń jó. Ó ń jó fún góòlù tí wọ́n gbá sílé wa! Ó fa ìyá arúgbó yẹn lọ́wọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń fi wá hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ta ẹrù. “Wo èyí, wo bó ṣe ń mí. Wo ikùn tọ̀hún. Ọkọ mi, yíjú síbí, jẹ́ kí ghan rí ikùn rẹ!” Ìyá arúgbó náà ń wò, ó ń mi orí. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀. Tíṣà wọn, tó ṣí bẹ́líìtì nílé wa lọ́jọ́sí, ti ń wo ilẹ̀.

Àwọn ará wa tó bá wa wá ń bínú sí Ìyé. Kò tilẹ̀ mọ̀. Ní ìdajì eré, a kò lè jẹ ọsàn.

Ó ti ń lọ sí òpin, ọ̀kan sí òdo, nígbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan jáde láti ẹ̀yìn wa, n kò mọ ẹni tó gbá a, ó fò kọjá lórí gbogbo wọn. Gólì wọn sáré jáde wá gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, bọ́ọ̀lù sì yí wá síwájú mi jẹ́jẹ́ bí ẹran ọ̀sìn tó mọ ilé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Èmi àti ilé bọ́ọ̀lù nìkan ni.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyé. Mo rò pé yóò ní kí n fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ń jó láti àárọ̀, tí ìyá arúgbó yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ tán, tí agogo rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà ilé! Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú pápá. Gèlè rẹ̀ ti já sílẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ọkọ mi! Gbá a! Gbá a wọlé! Má dúró! Gbá a, ọma mi!”

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ náà gòkè dé ibi tí ikùn mi gbà á láyè dé, ó padà bọ̀, ó kan ilẹ̀ ná kó tó kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ọparun kọjá, ó lọ sínú gbágùúdá tí obìnrin kan sá sóòrùn. Èmi dojú bolẹ̀, níbẹ̀ ni mo sì ti bi orí ẹja. Fèrè ìkẹyìn bá mi nílẹ̀.

Gbogbo nǹkan tó tẹ̀ lé e ló dára fún Ìyé. Ìyá arúgbó yẹn di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú lójú gbogbo èèyàn, ó ní, “Púpurú ni. Púpurú lásán ni. Ẹ foríjì mí, òbí ọmọ ni mí.” Tíṣà wọn dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Àwọn ará ìjọ wọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn fúnra wọn ni yóò lọ bá olùṣọ́ wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì lọ lóòótọ́. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, agogo ti padà sílé wa. Ife náà lọ sí ibòmíràn, èmi kò sì dé Òkìtìpupa gbá bọ́ọ̀lù láyé mi.

Ṣùgbọ́n nínú lọ́rì tí a wọ̀ padà, gbogbo wa di ikùn mú. Ìyé jókòó síwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, mo sì ń retí kó fọwọ́ pa mí lórí. Kò wẹ̀yìn. Tíṣà wa rí i, ó sì fẹ́ tù wá nínú.

Ó ní, “Màmá, ẹ kò mọ̀ pé ọmọ yín gbọ́n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá a síta ni, kí orúkọ yín lè mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tó kù nínú lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìyanu-tìyanu.

Ìyé yíjú padà. Ó wò mí títí. Omi wà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i.

“Orúkọ mi?” ló wí. “Ta ló rán ọ sí orúkọ mi? Orúkọ mi wà lọ́ghọ́ Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ rẹ ni bọ́ọ̀lù wà.”